Ta Ni Kó Ṣẹ̀dá Orin Fún Ọ̀kẹ́sírà Àwọn Ọmọ Wa?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òbí, olùkọ́ àti ọmọ ilé-ìwé ní Ìhunbọ̀, Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìpókíá, Ìpínlẹ̀ Ògùn

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó níwájú, ọ̀rọ̀ yín ni mo wá sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òbí yín ni mo máa bẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá: ta ni kó ṣẹ̀dá orin tí àwọn ọmọ wa yóò máa lù, tí wọn yóò máa fọn, tí wọn yóò máa ta, nílé-ìwé àti nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́? Ìdáhùn mi kò gùn. Àwa fúnra wa ni kí a gbé iṣẹ́ náà fún àwọn aṣẹ̀dá orin, kí a sanwó rẹ̀ fún wọn, kí a má sì gbé e fún irú ènìyàn kan náà ní gbogbo ìgbà. Ohun tó gùn ni àlàyé ìdí rẹ̀, mo sì ti pín in sí ipele mẹ́fà. Ẹ bá mi fara balẹ̀ níbi tí mo bá ti ń túmọ̀ ohun tí mo ń sọ, torí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn lórí orin ilé-ìwé ti máa ń dàrú.

1. Kí ni mo ń pè ní ọ̀kẹ́sírà?

Bí a bá dárúkọ ọ̀kẹ́sírà, ohun tó máa ń wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn ni ọgọ́rin ènìyàn nínú aṣọ dúdú, nínú gbọ̀ngàn MUSON ní Onikan l'Ékòó, tí ọ̀gá kan dúró níwájú wọn pẹ̀lú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni ọ̀kẹ́sírà, a jẹ́ pé kò sí ohun tí mo wá ṣe ní Ìhunbọ̀.

Ìtumọ̀ tí mo fẹ́ kí a fi ṣiṣẹ́ lónìí nìyí. Ọ̀kẹ́sírà ọ̀dọ́ ni ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tí wọ́n ń lo oríṣiríṣi èlò orin pa pọ̀, tí iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì, tí wọ́n ń péjọ déédéé láti fi dánra wò, tí ẹnì kan sì ń darí wọn. Nínú gbogbo rẹ̀, ibi tí mo ti sọ pé iṣẹ́ wọn yàtọ̀ ni kí ẹ dì mú. Bí ọgbọ̀n ọmọ bá jọ ń fọn ohùn kan náà lórí fèrè rẹkọ́dà oníke, èrò ni wọ́n. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá di ohùn ìsàlẹ̀ mú, tí èkejì dákẹ́ tó ń ka iye ìlù títí yóò fi kàn án, tí ẹ̀kẹta dá a lóhùn, ọjọ́ náà ni wọ́n di ọ̀kẹ́sírà. Níbẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ pé òun lè dákẹ́ kí òun sì tún wúlò. Mi ò tíì rí iṣẹ́ kíláàsì mìíràn tó ń kọ́ni ní èyí tó bẹ́ẹ̀.

Pẹ̀lú ìtumọ̀ yìí, a ní ọ̀kẹ́sírà ju bí a ti rò lọ. Boys' Brigade dé Nàìjíríà ní 1908, láti ìgbà náà ni àwọn ọmọkùnrin ti ń fi ìlù àti fèrè bàbà rìn ní òpópónà àwọn ìlú wa. Ṣọ́ọ̀ṣì wo ni kò ní kíbọọ̀dù, tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì àti ìlù nínú ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀? Ìwọ̀n kì í sì í sọ orin di kékeré. African Suite tí Fela Sowande, aṣẹ̀dá orin ọmọ ilẹ̀ wa, ṣẹ̀dá ní 1944, tí àwọn ọ̀kẹ́sírà ńlá ní òkè òkun ń lò títí dòní, èlò olókùn nìkan ni ó kọ ọ́ fún, pẹ̀lú háàpù. Kò sí ìlù níbẹ̀, kò sí fèrè.

Kí ni àwọn ẹgbẹ́ ọmọ wa wá ń lò báyìí? Orin orílẹ̀-èdè, orin ìyìn inú ìwé, orin ìyan tí àwọn ọ̀gá bẹ́ńdì sójà Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀, àti orin háílàìfù tí wọ́n fi etí gbọ́ nínú rédíò. Orin tó dára wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: nínú gbogbo wọn, kò sí èyí tí ẹni tó kọ ọ́ ní àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ́kàn nígbà tó ń kọ ọ́.

2. Kí ni gbígbé iṣẹ́ orin fún ènìyàn?

A gbé iṣẹ́ orin fún ẹnì kan nígbà tí a bá lọ bá a kí orin náà tó wà, tí a sọ fún un irú àwọn tí yóò lò ó, tí a dá ọjọ́ fún un, tí a sì san owó iṣẹ́ rẹ̀. Àgbàṣe ni, bí a ti ń gbé àgbàṣe fún gbẹ́nàgbẹ́nà. Kì í ṣe ẹ̀bùn, kì í ṣe oyè, kì í sì í ṣe àánú tí a ṣe fún olórin tí kò rówó jẹun. Ríra orin tó ti wà tẹ́lẹ̀ yàtọ̀ sí i pátápátá, nítorí orin tó ti wà tẹ́lẹ̀ kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá ìka ọmọ ọdún mọ́kànlá lè dé ibẹ̀.

Agbára tó wà nínú rẹ̀ ni pé gbogbo ìṣòro kéékèèké ilé-ìwé yóò wọ inú orin náà, yóò sì di ara ẹwà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi Benjamin Britten, aṣẹ̀dá orin ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣàpẹẹrẹ. Ní oṣù kẹfà 1958, nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìlú kékeré Orford, àwọn ọmọdé ṣe eré Nóà àti ìkún omi tó kọ fún wọn, Noye's Fludde. Britten mọ àwọn tó ń kọ ọ́ fún. Ó pín fayolíìnì wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Apá kìíní le. Apá kẹta wà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: okùn tí a kò fi ìka tẹ̀ rárá ni wọ́n ń ta lọ́pọ̀ ìgbà. Ó fi rẹkọ́dà ṣe ẹyẹ àdàbà. Nígbà tí òjò fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ní kí wọ́n so ife ìmutíì rọ̀ sórí okùn, kí àwọn ọmọ máa fi igi lù wọ́n, òjò sì ń kán tó, tó, tó. Ọmọ tí kò mọ orin kà lè lu ife. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ yìí, orin kan náà ni wọ́n ń ṣe, ọmọ náà kò sì ba nǹkan kan jẹ́. Ẹnikẹ́ni kò lè rí irú èyí rà ní ilé ìtàwé. Ó di dandan kí ẹnì kan kọ́kọ́ béèrè fún un.

Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ láyé. Vivaldi kọ orin fún àwọn ọmọbìnrin ilé ìtọ́jú Pietà ní Venice. Gustav Holst kọ St Paul's Suite fún ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin tó ti ń ṣe olùkọ́ ní London. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tó wọ̀ mí lára jù jẹ́ ti ọmọ ilẹ̀ wa. Ní 1957, Robert Boudreau dá American Wind Symphony Orchestra sílẹ̀ ní Pittsburgh, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ onífèrè tó ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ láti ìlú dé ìlú lórí odò, tí wọ́n ń ṣeré fún àwọn ará etí omi. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí orin kankan nílẹ̀ fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ fún àwọn aṣẹ̀dá orin káàkiri ayé, ó sì lé ní irínwó orin tí wọ́n ti gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún ni Samuel Akpabot, ọmọ ìpínlẹ̀ Akwa Ibom òde òní. Ní 1963 ó kọ Ofala fún wọn, orin fún ọ̀kẹ́sírà onífèrè pẹ̀lú èlò orin Áfíríkà márùn-ún, lórí ọdún ọba Onitsha. Ẹ wò ó: àwọn ọ̀dọ́ ará Amẹ́ríkà lórí odò ló béèrè, ọmọ Ìbíbíò ló dá wọn lóhùn, ọdún àwọn Ìgbò ló fi ṣe kókó. Akpabot wà láyé títí di 2000. Ilé-ìwé mélòó ní Nàìjíríà ló lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, mi ò sì fẹ́ fi pamọ́ fún yín.

Ìjọba wa mọ bí a ti ń ṣe é. Nígbà tí òmìnira dé ní 1960, wọ́n gbé iṣẹ́ fún Sowande, ó kọ Folk Symphony, New York Philharmonic sì lò ó ní 1962. Ayẹyẹ ló fà á. Ohun tí mo ń béèrè ni kí ó di ìṣe ọdọọdún, ní ibi tó kéré jù, lọ́wọ́ àwọn tó súnmọ́ àwọn ọmọ jù.

3. Ṣé àṣà àjèjì ni?

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni mo kó wá sí Ìhunbọ̀. Mo fẹ́ kí a jókòó sórí ọ̀rọ̀ yìí, torí pé lójú tèmi, ìdàkejì rẹ̀ ni òtítọ́.

Ní Kétu, ní Ìmẹ̀kọ, ní Ìlaròó àti ní ọ̀pọ̀ ìlú tó yí wa ká, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni à ń fi bọlá fún àwọn ìyá wa, tí a fi ń tù wọ́n lójú. Ní 2001 àjọ UNESCO kéde rẹ̀ ní ọ̀kan lára àwọn ogún àtẹnudẹ́nu tó ṣeyebíye jù láyé, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo pa pọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ agọ̀ àti ijó ọ̀sán. Ẹ jẹ́ kí a wo òru Ẹ̀fẹ̀, apá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí a ń ṣe lálẹ́. Ẹni tí yóò gbé Ẹ̀fẹ̀ jáde kò lè kó kìkì orin ọdún tó kọjá wá sí ojúde ọjà. Ìlú ń retí orin tuntun: orin tó súre fún ìlú, orin tó bá ọ̀bàyéjẹ́ wí, orin tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà láì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Kí ọjọ́ tó pé, ó ti ṣẹ̀dá wọn, ó ti kọ́ àwọn elégbè rẹ̀, àwọn onílù ti mọ ibi tí ìyáàlù yóò ti bọ́ sílẹ̀ fún ohùn àti ibi tí omele yóò ti máa bá a lọ. Bó bá dára, àwọn ènìyàn yóò fi owó lé e lórí, wọn yóò sì máa kọ orin náà lóko àti lọ́jà títí ọdún mìíràn.

Ẹ wá fi ìtumọ̀ tí mo ṣe ní ipele kejì wọ̀n ọ́n. A béèrè kí orin tó wà. Ẹni tó ń ṣẹ̀dá mọ àwọn tí yóò gbé e àti àwọn tí yóò gbọ́ ọ. Ọjọ́ wà tí kò gbọdọ̀ yẹ̀. Èrè sì wà. Kò sí èyí tó kù. Àwọn baba ńlá wa ní ilẹ̀ Yewa yìí ti ń gbé iṣẹ́ orin tuntun fún ènìyàn kí ilé-ìwé kankan tó dúró níbí, ìlú gan-an ló sì ń gbé e.

Ibo wá ni nǹkan ti ya? Ilé-ìwé dé pẹ̀lú ìwé orin tó ti parí láti òkèèrè. Ọmọ wọ kíláàsì, ó sì kọ́ pé inú ìwé ni orin ti ń wá, pé àwọn tó kọ ọ́ ti kú, pé iṣẹ́ tòun ni kí òun má ṣì í. Nígbà tó bá padà dé ọjà lálẹ́, ó tún ń gbọ́ orin tí ẹni tó wà láàyè ṣẹ̀dá lóṣù yìí fún àwọn tó wà láàyè. Ayé méjì ni ọmọ yìí ń gbé. Mo fẹ́ kí ilé-ìwé gba ìwà ọjà náà: kí ó máa béèrè.

4. Kí ló dé tí àwọn aṣẹ̀dá orin fi gbọ́dọ̀ jẹ́ onírúurú?

Mo pe àwọn aṣẹ̀dá orin ní onírúurú nígbà tí èdè wọn, ìlú wọn, ẹ̀sìn wọn, ọjọ́ orí wọn àti akọ-n-bábo wọn kò bá jẹ́ ọ̀kan, tí ìyàtọ̀ náà sì hàn nínú orin tí wọ́n kọ. Bí kò bá hàn nínú orin, orúkọ lásán ni a yí padà.

Ìdí àkọ́kọ́ wà nínú etí wa. T. K. E. Phillips, tó lu dùùrù ní Kàtídírà Marina l'Ékòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, tẹ ìwé rẹ̀ Yoruba Music jáde ní 1953, ó sì ṣàlàyé níbẹ̀ bí orin Yorùbá ti ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ṣáájú rẹ̀, Kánọ̀nù J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta ti ń fi ohùn orin ilẹ̀ wa sí ọ̀rọ̀ ìhìnrere, ó sì gba àwọn orin rẹ̀ sínú àwo ní London ní 1922. Orin ẹnu ni àwọn méjèèjì ń bá jà. Àmọ́ lọ́dọ̀ wa, èlò orin náà ń sọ̀rọ̀. Bí ọmọ kan bá fọn ohùn mẹ́rin péré lórí fèrè ní ọjà Ìhunbọ̀, ẹnì kan yóò ti fi ọ̀rọ̀ sí i kí ó tó fọn ìkarùn-ún. Aṣẹ̀dá orin tí kò gbọ́ èdè wa lè mú kí tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì bú àgbàlagbà kan níwájú gbogbo ìlú, láì mọ̀. Ẹni tó gbọ́ èdè náà lè mú kí fèrè kan náà kí àgbàlagbà yẹn pẹ̀lú oríkì rẹ̀.

Ìdí kejì ni ibodè àwa àti Benin, ìyẹn ló sì ká mi lára jù. Ta ni kí n pè ní ọmọ ibí? Ànàgó wà níbí, Ìfọ̀nyìn wà níbí, Kétu àti Ọ̀họ̀rí wà lókè wa, àwọn ará wa Ògù tí à ń pè ní Ẹ̀gùn wà ní ìsàlẹ̀ títí dé Àgbádárìgì. Èdè Ògù ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tirẹ̀, ìbátan Fọ̀n ni, kì í ṣe ẹ̀ka Yorùbá. Ìlù wọn kò rìn bí ìlù wa. Nínú kíláàsì kan ṣoṣo ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí, ẹ lè rí ọmọ mẹ́ta tí ìyá wọn fi èdè mẹ́ta rẹ̀ wọ́n. Aṣẹ̀dá orin kan, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó, kò lè gbọ́ gbogbo ìwọ̀nyí tán. Nígbà tí Erich Doflein, olùkọ́ fayolíìnì ní Jámánì, ń kó ìwé jọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó bẹ Béla Bartók pé kó kọ orin fún fayolíìnì méjì. Ní 1931 Bartók parí mẹ́rìnlélógójì, èyí tó rọrùn ṣáájú, èyí tó le lẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ àfi méjì ló gbé ka orin àwọn ará oko: Họ́ńgárì, Sìlòfákíà, Ròmáníà, Sẹ́bíà, títí dé orin àwọn Lárúbáwá. Ẹ rántí pé ìgbà náà ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń fojú ọ̀tá wo ara wọn nítorí ibodè. Àwọn ọmọ tí kò gbọ́ èdè ara wọn ń fi ìka kọ́ orin ara wọn. Bartók lè ṣe é torí pé ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní abúlé wọn. Níbi tí a kò ti ní Bartók kan, a lè ní aṣẹ̀dá orin márùn-ún.

Sowande náà kò dá nìkan jẹ. Ọ̀kan nínú ohùn tó wà nínú African Suite rẹ̀, Ephraim Amu ti Gánà ló ni ín. Amu yìí, olùkọ́ orin ni. Ní 1933 wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Akropong, nítorí ó ń wọ aṣọ ìbílẹ̀ lọ wàásù, ó sì ń mú ìlù wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Achimota ló gbà á lẹ́yìn náà. Ẹ mọ ohun tí àwọn tó kọ́kọ́ kọ orin ilẹ̀ wa fún ọmọ ilé-ìwé fara dà.

Ìdí kẹta ni àwọn ọmọbìnrin wa; mo fẹ́ sọ ọ́ ní ṣókí nítorí ó hàn gbangba. Aṣẹ̀dá orin Ayọ̀ Bánkọ́lé, tó kú ní 1976, kó àwọn ọmọbìnrin láti ilé-ìwé girama mélòó kan l'Ékòó jọ, ó sì ń kọ orin fún wọn. Àwọn ọmọbìnrin ń kọrin. Ọkùnrin ló ń ṣẹ̀dá. Kí ọmọbìnrin tó ń fọn rẹkọ́dà níbí mọ̀ pé obìnrin ń ṣẹ̀dá orin, ó gbọ́dọ̀ rí orúkọ obìnrin lórí ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Joy Nwosu Lo-Bamijoko wà, tó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó. Nkeiru Okoye wà ní Amẹ́ríkà, tí àwọn ọ̀kẹ́sírà ńlá ń gbé iṣẹ́ fún. Ní London, ìyà irú àìríra-ẹni yìí ló mú kí Chi-chi Nwanoku, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, dá ọ̀kẹ́sírà Chineke! sílẹ̀ ní 2015, tòun ti ọ̀kẹ́sírà àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀, kí ọmọ aláwọ̀ dúdú lè rí ẹni tó jọ ọ́ lórí pèpéle. Tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn tó ń lu orin níbí jọ wá. Orin náà ni kò tíì jọ wá.

5. Àwọn àtakò

Mo ti gbọ́ mẹ́rin, wọn kò sì wúwo bákan náà.

Àkọ́kọ́ ni owó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ronú sí ayẹyẹ ìparí ọdún ilé-ìwé wa: àgọ́, àga, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, aṣọ ẹgbẹ́, oúnjẹ. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ń dáwó, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ń ṣèrànwọ́. Orin ìṣẹ́jú mẹ́rin láti ọwọ́ ọ̀dọ́ aṣẹ̀dá orin kò ní gba ju apá kan nínú owó bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sì wà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú àgọ́.

Èkejì ni pé kò sí olùkọ́ orin. Òótọ́ ni, ó sì ń bí mi nínú. Wọ́n ti pa orin pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ọnà àti eré ìtàgé nínú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Cultural and Creative Arts, olùkọ́ kan ló sì máa ń ṣe gbogbo rẹ̀. Èyí gan-an ni mo fi ń sọ pé kí àdéhùn pẹ̀lú aṣẹ̀dá orin ní wíwá rẹ̀ sí ilé-ìwé nínú, kí ó bá àwọn ọmọ jókòó ṣáájú kí ó tó kọ, kí ó sì padà wá láti fi kọ́ wọn. Ilé-ìwé tí kò ní olùkọ́ orin yóò ti ní ọ̀kan fún ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀sìn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Òbí kan lè sọ pé òun kò fẹ́ kí ọmọ òun lu ìlù òrìṣà. Kò sí ẹni tó ní kí ó lù ú. Orin eré òṣùpá wà, orin ìrèmọ́lẹ́kún wà, orin àwọn tó ń fún epo wà, igbe àwọn tó ń polówó ọjà wà. Bí aṣẹ̀dá orin bá sì fẹ́ lo ìlù tó jẹ́ ti ilé awo kan, kí ó lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ohun tí mo mú wá láti Ẹ̀fẹ̀ ni bí ìlú ti ń béèrè orin tuntun. Mùsùlùmí lè béèrè bẹ́ẹ̀, Krìstẹ́nì lè béèrè bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ló le jù: pé orin tuntun kò ní dára tó ti Handel, aṣẹ̀dá orin ayé àtijọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní dára tó o, lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ nípa àgbàṣe ọdọọdún. Orin Handel tí a ń gbọ́ lónìí ni èyí tó kù lẹ́yìn tí ayé ti gbàgbé ẹgbàágbèje orin àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. A kò lè ní èyí tí yóò kù bí a kò bá ní èyí tí a ó gbàgbé. Kí àwọn ọmọ máa lo Handel lọ; mi ò gba ti Handel lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

6. Bí iṣẹ́ àkọ́kọ́ yóò ṣe rí

Kí ilé-ìwé kan kọ lẹ́tà. Kí lẹ́tà náà sọ iye àwọn ọmọ, èlò orin tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní lọ́wọ́ gan-an, àti ohùn tó ga jù tí ó lè fọn láì há. Kí ó sọ àwọn tó mọ àmì orin kà, àwọn tó mọ sọ́fà nìkan, àti àwọn onílù tó ń fi etí kọ́, kí aṣẹ̀dá orin lè fún oníkálukú ní iṣẹ́ lọ́nà tó yé e. Kí ó sọ pé orin náà kò gbọdọ̀ dá lé kíbọọ̀dù, nítorí iná lè lọ nígbàkígbà. Kí ó rán an létí pé tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì wa, irú èyí tí a ń pè ní B-flat, máa ń dún ní ìgbésẹ̀ kan sísàlẹ̀ ohun tí a kọ, nígbà tí rẹkọ́dà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin tó. Kí ó dá ọjọ́ tí orin yóò dé, kí ó má jẹ́ ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

Lórí owó àti ẹ̀tọ́, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà tuntun ti Nàìjíríà wà láti 2023. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí aṣẹ̀dá orin ni orin rẹ̀, kí ilé-ìwé sì ní àṣẹ láti máa lò ó láéláé láì sanwó mọ́. Kí a san ìdajì owó nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, ìdajì nígbà tí ìwé bá dé. Ẹ má sì jẹ́ kí orin náà kú lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́: kí ilé-ìwé mìíràn ní Ìpókíá, Àgọ́sásá tàbí Ìlaṣẹ̀ lè gba ẹ̀dà rẹ̀ pẹ̀lú owó kékeré tí yóò lọ sápò ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀.

Ta ni kí a kọ́kọ́ bẹ̀? Ní ọdún kìíní, ọmọ agbègbè yìí tó gbọ́ Ànàgó. Ní ọdún kejì, ẹni tó gbọ́ Ògù. Ní ọdún kẹta, obìnrin, láti ibikíbi tó bá ti wá. Àwọn ọ̀dọ́ aṣẹ̀dá orin ń jáde láti Ilé-Ifẹ̀, láti Yunifásítì Èkó àti láti ilé-ẹ̀kọ́ orin MUSON. Ọ̀pọ̀ wọn ń wá ẹni tí yóò lo iṣẹ́ wọn.

Mo tún ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹ̀yin tí ẹ ti ìhà kejì ibodè wá. Ẹ jẹ́ kí ilé-ìwé kan níbí àti ilé-ìwé kan ní Sakété jọ gbé iṣẹ́ kan náà jáde, kí tiwa san náírà, kí tiyín san sẹ́fà, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé méjèèjì sì jọ lò ó. Ohun kan wà tí aṣẹ̀dá orin náà gbọ́dọ̀ mọ̀. Sọ́fà tí a fi ń kọ́ ọmọ níbí, "dóò" rẹ̀ máa ń ṣí kiri: ibi tí orin bá fi ṣe ilé ni dóò wà. Èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé Faransé kì í ṣí: ohùn kan ṣoṣo ni dóò wọn, òun ni a ń pè ní C. Bí olùkọ́ méjèèjì bá pè é lọ́jọ́ ìdánrawò àkọ́kọ́, àwọn ọmọ yóò fọn ohùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, oníkálukú yóò sì rò pé èkejì ni kò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, kí lẹ́tà wa sọ ọ́ kedere pé C ni kí orin àkọ́kọ́ fi ṣe ilé, kí dóò tiwa àti dóò tiyín lè jẹ́ ọ̀kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ní orin kejì, kí aṣẹ̀dá orin gbé ilé náà kúrò lórí C, kí àwọn olùkọ́ sì ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà fún àwọn ọmọ.